Èdè Kejì Lórí Ìwé, Èdè Àjèjì Létí Ọmọ: Ẹ̀kọ́ tí Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Ògùn Lè Rí Kọ́ Lára Olùrànlọ́wọ́ Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní Ilẹ̀ Faransé

Àṣamọ̀

Ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ka Gẹ̀ẹ́sì sí èdè kejì fún gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ abúlé àti ìlú kéékèèké ní Òkè-Ògùn, ọmọ ọdún mẹ́fà kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ èdè náà àfi nínú kíláàsì. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tó wà láàrin èdè kejì àti èdè àjèjì, ó sì fi hàn pé ipò èdè àjèjì ni Gẹ̀ẹ́sì wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Láti wá ọ̀nà àbáyọ, ó yẹ iṣẹ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọdé ilẹ̀ Faransé ní Gẹ̀ẹ́sì wò. Ó fi ìṣòro ìró, òǹkà àti arọ́pò-orúkọ tí àwọn ọmọ náà ń bá pàdé wé ti ọmọ Yorùbá. Àbájáde rẹ̀ ni pé èdè abínibí ọmọ, títí kan ẹ̀ka-èdè Oǹkò, jẹ́ ohun èlò lọ́wọ́ olùkọ́. Kì í ṣe ìdènà tí ó gbọ́dọ̀ fi pàṣán lé lọ.

1.0 Ìfáárà

Òkè-Ògùn ni apá àríwá àti ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Lára àwọn ìlú tó wà níbẹ̀ ni Ìṣẹ́yìn, Òkèhò, Ṣakí, Kìṣí, Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Tedé. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ ń ṣe; gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni ó sì mọ Ìṣẹ́yìn mọ́ aṣọ òfì híhun. Ní ìwọ̀-oòrùn Ṣakí, ilẹ̀ náà bá orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dàhọ̀mì títí di ọdún 1975, pààlà. Àdéhùn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé bá ara wọn ṣe ní 1889 àti 1898 ni ó fa ààlà náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí ohun tí ìpín yìí dá sílẹ̀ láàrin àwọn Yorùbá ìwọ̀-oòrùn, nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976. Kétu àti Ṣábẹ bọ́ sábẹ́ Faransé. Ṣakí àti Ìṣẹ́yìn bọ́ sábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà ni ọmọ Yorùbá tó wà ní Ṣábẹ ti ń fi èdè Faransé kàwé, tó sì jẹ́ pé bí ó bá dé ilé-ẹ̀kọ́ girama, yóò kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àjèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ṣakí ni wọ́n sọ fún pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe àjèjì sí òun, pé èdè kejì ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti di kánjúkánjú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba kéde pé òun ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa fi kọ́ni láti jẹ́lé-ó-sinmi títí dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yálà ìpinnu yìí tọ́ tàbí kò tọ́, òun ni olùkọ́ yóò bá pàdé ní kíláàsì. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: báwo ni olùkọ́ yóò ṣe fi èdè kan kọ́ ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìlera, nígbà tí ọmọ náà kò tíì gbọ́ èdè ọ̀hún?

2.0 Èdè Abínibí, Èdè Kejì àti Èdè Àjèjì

Èdè abínibí ni èdè tí ọmọ bá lẹ́nu ìyá rẹ̀ àti àwọn ará ilé. Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ ọ. Ó gbọ́ ọ, ó sì ń sọ ọ́. Èdè kejì ni èdè tí ènìyàn kọ́ lẹ́yìn èdè abínibí, ṣùgbọ́n tí àwùjọ tó yí i ká ń lò fún ohun kan tàbí òmíràn: ní ọ́fíìsì, ní kóòtù, ní ilé ìfowópamọ́, tàbí láàrin àwọn ẹ̀yà tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Èdè àjèjì ni èdè tí kò ní àwùjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Inú kíláàsì ni ó ti ń gbọ́ ọ, ibẹ̀ náà ni ó sì ń fi í sílẹ̀ sí.

Bí wọ́n bá wo orílẹ̀-èdè Nàìjíríà lápapọ̀, èdè kejì ni Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé òun ni èdè ìjọba, tí ó sì ń so ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà pọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe orílẹ̀-èdè ni ó ń jókòó sórí àga ní kíláàsì, ọmọ ni. Ọmọ tó ń gbé ní Ìkẹjà lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu aládùúgbò, lórí tẹlifíṣàn àti nínú ṣọ́ọ̀bù kí ó tó pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọmọ àgbẹ̀ tó ń gbé ní abúlé lẹ́bàá Tedé tàbí Àgọ́-Àrẹ, Yorùbá ni yóò gbọ́ lóko, Yorùbá ni yóò gbọ́ lọ́jà, Yorùbá ni wọn yóò fi wàásù fún un. Ìdánwò kan wà tí olùkọ́ lè fi mọ ipò tí èdè wà fún ọmọ: bí ọmọ náà bá jáde ní kíláàsì, ta ni yóò bá sọ èdè náà? Bí kò bá sí ẹnì kankan, èdè àjèjì ni, ohunkóhun tí ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìbáà pè é.

Ìyàtọ̀ yìí kọjá ti orúkọ lásán. Olùkọ́ èdè kejì lè gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ọmọ ti gbọ́ níta. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti tún un ṣe, kí ó sì fi kún un. Olùkọ́ èdè àjèjì kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọmọ yóò mọ̀, ẹnu olùkọ́ ni yóò ti bọ́ sí i létí. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ dín iye ọ̀rọ̀ tí yóò kọ́ni lẹ́ẹ̀kan kù, kí ó sì mú àsọtúnsọ pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá gbé ìlànà èdè kejì fún ọmọ tí ó wà nípò èdè àjèjì, ohun méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Àkọ́kọ́, ọmọ yóò há ohun tí olùkọ́ wí sórí, yóò sì máa pariwo rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀. Èkejì, èyí tó burú jù, yóò kùnà nínú ìṣirò nítorí pé kò gbọ́ ìbéèrè, wọn yóò sì kà á sí olódo. Òun náà yóò gbà pé olódo ni òun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti torí èyí kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ láìjẹ́ pé ọpọlọ wọn kò pé.

3.0 Olùrànlọ́wọ́ Olùkọ́ Èdè ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Ilẹ̀ Faransé

Àwọn ará ilẹ̀ Faransé kò díbọ́n pé Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ ohun mìíràn fún ọmọ wọn ju èdè àjèjì lọ. Láti 1989 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán kíkọ́ èdè àjèjì wò ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2002, ó di dandan fún àwọn kíláàsì òkè ní ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láti 2016, ọmọ ọdún mẹ́fà ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ wákàtí mẹ́rìnléláàádọ́ta (54) lọ́dún. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ń kọ́. Wọn kì í sì í sábà fi í kọ́ wọn ní ìṣirò. Èdè tí wọ́n gbọ́ nílé ni wọ́n ń fi ṣe ìyẹn.

Nítorí pé ọ̀pọ̀ olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú, wọ́n máa ń mú àwọn ọ̀dọ́ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ èdè náà. Ètò pàṣípààrọ̀ yìí ti wà láàrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé láti 1905, ó sì ti gbòòrò dé Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Oṣù méje ni wọ́n sábà máa ń lò, wákàtí méjìlá sì ni wọ́n ń fi kọ́ni lọ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá gbé sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè máa lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ méjì tàbí mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀.

Olùrànlọ́wọ́ yìí kì í ṣe olùkọ́ tó gboyè nínú iṣẹ́ ìkọ́ni. Ó lè má mọ bí wọ́n ṣe ń pa ogún ọmọ lẹ́nu mọ́, ó sì lè má gbọ́ Faransé tó láti bá wọn wí. Ìdí nìyí tí olùkọ́ kíláàsì kì í fi í jáde. Ohùn ni olùrànlọ́wọ́ mú wá. Olùkọ́ ni ó ni kíláàsì. Ohun tí ọmọ ń rí gbà lára rẹ̀ ni ẹni gidi kan tí òun gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì bá sọ̀rọ̀. Kì í ṣe nítorí pé ìdánwò ń bọ̀ ni yóò ṣe sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹni náà kò ní gbọ́ ohun tí ó fẹ́ ni.

Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀ lé fún àwọn ọmọ kékeré rọrùn. Ìkíni kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, títí yóò fi mọ́ ọmọ lẹ́nu. Lẹ́yìn èyí ni orúkọ ọjọ́ àti bí ojú ọjọ́ ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni orin tàbí eré tí olùrànlọ́wọ́ fi ń pàṣẹ, tí àwọn ọmọ sì ń fi ara dáhùn: fọwọ́ kan orí, dìde, jókòó, fò sókè. Ọmọ tí kò tíì lè sọ ọ̀rọ̀ kan lè fi ìṣe hàn pé òun gbọ́ ọ. Àwòrán ni wọ́n fi ń kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ tuntun, ọ̀rọ̀ náà kì í sì í ju mẹ́fà tàbí mẹ́jọ lọ. Gbígbọ́ ni ó ṣáájú sísọ, sísọ ni ó ṣáájú kíkà, kíkà ni ó ṣáájú kíkọ.

Ìdí pàtàkì wà tí wọ́n fi fi kíkọ sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ náà “table” wà nínú Faransé, ó sì wà nínú Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni wọ́n ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń pè é. Bí ọmọ Faransé bá kọ́kọ́ rí i lójú pátákó, yóò pè é bí wọ́n ti ń pè é nílé rẹ̀, yóò sì ṣòro láti yọ ọ́ lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ọmọ Yorùbá. Kí olùkọ́ kọ “sun”, “pin”, “fun” àti “ran” sójú pátákó fún ọmọ tó ti mọ ABD. Ọmọ náà yóò kà wọ́n láìsọsẹ̀: sùn, pín, fún, rán. Kò ṣi wọ́n kà. Yorùbá ni ó kà. Fáwẹ̀lì aránmúpè ni lẹ́tà “n” ń tọ́ka sí nínú àkọtọ́ Yorùbá ní irú ibẹ̀, kì í ṣe kọ́ńsónáǹtì. Bí ó bá ti gbọ́ “sun” létí nígbà mẹ́wàá, tí olùkọ́ ń nàka sí oòrùn, kí ó tó rí i lójú pátákó, kò ní ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

4.0 Ìró: Ibi tí Ọmọ Méjèèjì ti ń Kọsẹ̀

Ọmọ Faransé kò ní ìró “h” nínú èdè rẹ̀. Bí ó bá fẹ́ sọ pé ebi ń pa òun, “hungry” lè di “angry” lẹ́nu rẹ̀, kí olùrànlọ́wọ́ sì rò pé ọmọ ń bínú. Ìró tó bẹ̀rẹ̀ “three” àti èyí tó bẹ̀rẹ̀ “this” kò sí nínú èdè rẹ̀. Ó máa ń fi “s” àti “z” rọ́pò wọn. Fáwẹ̀lì inú “ship” àti ti inú “sheep” a sì máa dọ́gba létí rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ní “h”. Kò ní wàhálà ibẹ̀ yẹn. Òun náà kò ní ìró ìbẹ̀rẹ̀ “three” àti “this”, ṣùgbọ́n “t” àti “d” ni ó fi ń rọ́pò wọn. Yorùbá kò ní “v” àti “z”, nítorí náà “van” di “fan” lẹ́nu rẹ̀, “zoo” sì di “su”. Ìṣòro rẹ̀ tó tóbi jù ni ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Sílébù Yorùbá kì í gba kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀, kì í sì í fi kọ́ńsónáǹtì parí. Ìdí nìyí tí “school” fi di súkúù, tí “bread” di búrẹ́dì, tí “blade” di bíléèdì. Èdè Faransé gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, nítorí náà ọmọ Faransé kò mọ ìṣòro yìí. Olùkọ́ tí ó bá mọ èyí kò ní kà á sí ìwà ọ̀lẹ bí ọmọ bá sọ pé “sukúlù”. Yóò mọ̀ pé ètò sílébù Yorùbá ni ó ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu rẹ̀, yóò sì máa fa ìró méjèèjì pọ̀ fún un díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀ka-èdè Oǹkò, tí wọ́n ń sọ ní ọ̀pọ̀ ìlú Òkè-Ògùn, nílò àfiyèsí tirẹ̀. Ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo “ṣ”, ọ̀pọ̀ elédè Oǹkò máa ń lo ìró tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà “chair”. “Ichu” ni wọ́n ń pe iṣu. “Chakí” ni ọ̀pọ̀ ń pe Ṣakí. Nínú kíláàsì Yorùbá, wọ́n máa ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì lè nà án pé ará oko ni. Bí agogo bá lù, tí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀, olùkọ́ kan náà yóò wá máa làágùn láti kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń pe “chair”, “church” àti “child”, ọmọ yóò sì máa dáhùn pé “shair”. Ìró tí olùkọ́ ń wá kiri ti wà lẹ́nu ọmọ náà láàárọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó lé e sá. Ìbá sàn kí ó bi í pé: “Báwo ni ìyá àgbà ṣe ń pe iṣu?” Nígbà tí ọmọ bá dáhùn, kí ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ‘chair’.”

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà tí olùkọ́ gbọ́dọ̀ ṣọ́. Gẹ̀ẹ́sì ní ìró méjèèjì, ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀. Ọmọ Oǹkò lè pe “shop” ní “chop”, tàbí kí ó pe “sheep” ní “cheap”. Nítorí náà, kí wọ́n fi irú ọ̀rọ̀ méjì-méjì bẹ́ẹ̀ ṣe eré: bí olùkọ́ bá pe ọ̀kan, kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún, bí ó bá pe èkejì, kí ó na ọwọ́ òsì.

Ní ti ohùn, Yorùbá ń fi ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, bí ó ti hàn nínú igbá, igba àti ìgbà. Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú ohùn yìí, agbára ni ó fi ń gbé sílébù kan ga ju òmíràn lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ àyálò ti fi ọ̀nà han olùkọ́: nínú tíṣà, sọ́jà àti lọ́yà, sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì fi agbára pè ni Yorùbá fún ní ohùn òkè. Olùkọ́ lè lu tábìlì bí ẹni ń lu gángan, kí ó fi ìlù òkè àti ti ìsàlẹ̀ kọ́ ọmọ ní ibi tí agbára ọ̀rọ̀ wà. Etí tó ń gbọ́ ìlù kò ní pẹ́ gbọ́ èyí.

5.0 Òǹkà, Ìbọ̀wọ̀ àti Arọ́pò-Orúkọ

Òǹkà jẹ́ ibi tí ọmọ Faransé àti ọmọ Yorùbá ti jọra lọ́nà tí kò sí ẹni tó retí. Ọgọ́rin nínú Faransé ni “quatre-vingts”, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ogún mẹ́rin. Ohun kan náà ni ọgọ́rin nínú Yorùbá: ogún mẹ́rin. Gẹ̀ẹ́sì ni kò fi ogún kà á. Mẹ́wàá mẹ́jọ ni “eighty”. Ibi tí ọ̀nà ti yà ni àádọ́rin àti àádọ́rùn-ún. Faransé ń ro pọ̀: àádọ́rin ni ọgọ́ta pẹ̀lú mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún ni ogún mẹ́rin pẹ̀lú mẹ́wàá. Yorùbá ń yọ kúrò: àádọ́rin ni ọgọ́rin ó dín mẹ́wàá, àádọ́rùn-ún ni ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́wàá.

Èyí ní ìtumọ̀ fún olùkọ́ ìṣirò. Bí wọ́n bá bi ọmọ Yorùbá pé mélòó ni “forty-five”, Gẹ̀ẹ́sì ní kí ó ro márùn-ún mọ́ ogójì. Orí rẹ̀ ní márùndínláàádọ́ta, èyí tí ó jẹ́ àádọ́ta ó dín márùn-ún. Ọmọ tó dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn lè má jẹ́ aláìmọ̀ṣirò. Ó ń túmọ̀ ìyọkúrò sí ìròpọ̀ ni, iṣẹ́ méjì ni ó sì ń ṣe pọ̀. Kí wọ́n fún un ní àyè láti ka èso tàbí òkúta wẹ́wẹ́ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ó fojú rí bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kà.

Ní ti ìbọ̀wọ̀, ọmọ Faransé a máa fi “vous” bọ̀wọ̀ fún àgbà, ọmọ Yorùbá a sì máa lo “ẹ”. “You” kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní fún ọ̀gá àti ọmọdé. Ara ọmọ méjèèjì kì í kọ́kọ́ gbà á. Ọmọ Yorùbá ti wá ọgbọ́n sí i: ó máa ń fi “sà” tàbí “mà” kún ìparí ọ̀rọ̀. Kò yẹ kí olùkọ́ bá a wí fún èyí. Ó yẹ kí ó ṣàlàyé pé ohùn pẹ̀lẹ́ àti “please” náà jẹ́ ìbọ̀wọ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Arọ́pò-orúkọ “ó” nínú Yorùbá kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ìdí nìyí tí ọmọ fi lè pe ìyá rẹ̀ ní “he”. Ọmọ Faransé mọ ìyàtọ̀ akọ àti abo, ṣùgbọ́n èdè rẹ̀ fi í fún ohun aláìlẹ́mìí pẹ̀lú, nítorí náà ó lè pe tábìlì ní “she”. Àṣìṣe wọn yàtọ̀, orísun rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan: èdè ilé ni ó ń bá èdè àjèjì sọ̀rọ̀.

6.0 Ẹ̀rí láti Ilé

Ọmọ Òkè-Ògùn kan wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì dé ìpele gíga láàrin Yorùbá. Òṣoògùn, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìṣẹ́yìn lónìí, ni wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní 1821. Ọkọ̀ ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ ní 1822, wọ́n sì mú un lọ sí Sàró. Nínú ìtàn tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó tó bí oṣù mẹ́fà tí ó fi lè ka Májẹ̀mú Tuntun ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì fi í ṣe ọmọ tó ń ran olùkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ń san owó díẹ̀ fún un lóṣooṣù. Òun ni ó di Samuel Ajayi Crowther, ẹni tó ṣe ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tó jáde ní 1843, tó sì di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn yìí sọ pé ọmọ kò nílò èdè abínibí. Ní Sàró, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀yà ni ó pàdé tí kò gbọ́ èdè ara wọn. Gẹ̀ẹ́sì ní àwùjọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àjàyí. Ọmọ Tedé kò ní irú àwùjọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí kejì ni Iṣẹ́ Ìwádìí Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe aṣáájú rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dunjú ni ó sì ń kọ́ wọn. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ títí kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa jù nínú àwọn iṣẹ́ mìíràn. Ohun tí àwọn ará Faransé ń ṣe fún ọmọ wọn kò yàtọ̀ sí èyí: wọ́n ń kọ́ èdè àjèjì bí èdè àjèjì, pẹ̀lú ẹni tó gbọ́ ọ dunjú, wọ́n sì ń fi èdè ilé kọ́ ìyókù.

7.0 Lílo Ìlànà Yìí ní Òkè-Ògùn

Òkè-Ògùn ní olùrànlọ́wọ́ tirẹ̀ tí wọn kò tíì lò tó. Láti 1973 tí ètò agùnbánirọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ń wá láti ìpínlẹ̀ mìíràn, Ìṣẹ́yìn sì ni ibùdó ìgbaniwọlé wọn wà fún ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Agùnbánirọ̀ tó wá láti Calabar tàbí Enugu, tí kò gbọ́ Yorùbá, ni ẹni gidi tí ọmọ gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì bá sọ̀rọ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ girama bá yá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó múlé tì í ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ fún wákàtí méjì lọ́sẹ̀, olùrànlọ́wọ́ dé nìyẹn. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kíláàsì kò gbọdọ̀ rí i bí àyè láti lọ sinmi. Bí olùkọ́ bá jáde, eré ni yóò kù.

Ohun kan náà ni ó lè mú ẹ̀kọ́ Faransé sọjí ní ẹ̀bá ààlà. Ìlànà ètò ẹ̀kọ́ ọdún 2004 sọ Faransé di dandan. Nínú ètò tuntun ọdún 2025, ó di wù-mí-n-ò-wù-ọ́ fún kíláàsì kẹrin sí ìkẹfà. Láti 1991 ni Abúlé Èdè Faransé ti wà ní Àjàrá, Àgbádárìgì, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọmọ kékeré kò lè dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò tó gbọ́ Yorùbá àti Faransé lè kọ́ ọmọ Ṣakí ní bí wọ́n ṣe ń kíni, tí wọ́n ń kawó, tí wọ́n sì ń ná ọjà.

Àpẹẹrẹ ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kan nìyí, fún kíláàsì kejì ní Ìṣẹ́yìn, lórí àwọ̀:

(a) Ìkíni: olùrànlọ́wọ́ kí gbogbo kíláàsì, ó sì bi ọmọ márùn-ún ní orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì.

(b) Gbígbọ́: olùkọ́ fi gígé aṣọ òfì hàn, ìyẹn àlàárì, ẹtù àti sányán. Olùrànlọ́wọ́ pe “red”, “blue”, “brown” lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àwọn ọmọ kò tíì sọ nǹkan kan.

(d) Ìfarahàn: bí ó bá pe àwọ̀ kan, ọmọ yóò sáré lọ fọwọ́ kan aṣọ náà.

(e) Àlàyé ní Yorùbá: ọmọ lè pe ẹtù ní dúdú, nítorí pé dúdú ni Yorùbá sábà máa ń pe aró tó kún. Kí olùkọ́ fi èédú sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹtù, kí ó sì ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì ya méjèèjì sọ́tọ̀.

(ẹ) Sísọ: ọmọ mú aṣọ, ó sọ àwọ̀ rẹ̀ fún olùrànlọ́wọ́. Bí ó bá ṣi í pè, kí olùrànlọ́wọ́ tún un pè dáadáa láìbá a wí.

(f) Orin tàbí àtẹ́wọ́ ni wọn yóò fi parí. Kò sí kíkọ lọ́jọ́ náà. Kíkọ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni ẹ̀kọ́ yìí ní. Ó lè dà bí ẹni pé ó kéré lójú alábòójútó tó ń ka ojú ewé ìwé àkọsílẹ̀. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta tó bá di ti ọmọ títí láé sàn ju ọgbọ̀n tí ó dà kọ láti ojú pátákó, tí ó sì gbàgbé kí ó tó délé.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé orúkọ tí ìjọba fún èdè kan kò yí ipò tí èdè náà wà létí ọmọ padà. Níbi tí ọmọ kò bá ti rí ẹni bá sọ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn kíláàsì, kí olùkọ́ kọ́ ọ bí èdè àjèjì: kí ó jẹ́ kí etí ṣáájú ojú, kí ọ̀rọ̀ mọ níwọ̀n, kí ohun èlò jẹ́ èyí tí ọmọ mọ̀, kí àṣìṣe má sì di ẹ̀ṣẹ̀. Bí ìlànà ọdún 2025 bá ní kí olùkọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sí ìlànà tó lè gba òye tí olùkọ́ ní nípa Yorùbá ọmọ náà kúrò lórí rẹ̀. Òye yẹn ni yóò fi mọ ìdí tí ọmọ fi dákẹ́, ìdí tí ó fi ní “he” fún ìyá rẹ̀, àti ìdí tí “forty-five” fi pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ó yẹ kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ olùkọ́ fi ìfiwéra ìró Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá, pẹ̀lú ti ẹ̀ka-èdè agbègbè, sínú iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò ṣe kí ó tó jáde lọ fi ìkọ́ni dánra wò. Ẹni tí wọ́n bá gbé lọ sí Òkèhò tàbí Ṣakí yẹ kí ó mọ̀ kí ó tó débẹ̀ pé ọmọ tó ń sọ “ichu” kò ní àléébù lẹ́nu. Ilé ni wọ́n ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìró tí ọmọ náà mú ti ilé wá ni yóò fi pe “chair” àti “child” lọ́jọ́ tí olùkọ́ bá jẹ́ kí ó lò ó.